‘Ìgbà òtútù’ wo ni ti Àjàṣẹ́? Àlàyé lórí ọgbọ́n ìjà ti inú àti ìgbà ọdún

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tí a jọ ń ṣe taijiquan, ọgbọ́n ìjà àwọn ará Ṣáínà tí a ń ṣe jẹ́jẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) máa ń bi mí. Wọ́n ti kà á níbì kan pé ní ìgbà òtútù, ẹni tó ń kọ́ ọgbọ́n ìjà ti inú gbọ́dọ̀ fa agbára rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó tètè sùn, kí ó pẹ́ kí ó tó jí, kí ó má sì làágùn. Wọ́n tún ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ìgbà òtútù gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ gidi máa ń ṣe iṣẹ́ tó le jù lọ. Èwo ni kí wọ́n tẹ̀lé? Ìbéèrè tí ó sì wà lẹ́yìn èyí ni pé, nínú àwọn ìgbà tiwa níbí, èwo gan-an là ń pè ní ìgbà òtútù?

Ìdáhùn mi ni pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n ti sọ wọ́n, àti pé kò sí èyí tí a lè gbé wá sí etí ọ̀sà wa bí ó ṣe wà. Ìdí tí wọ́n fi sọ wọ́n ni a lè gbé wá. Ṣùgbọ́n kí èyí tó lè yé ènìyàn, a ní láti kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ‘inú’ palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ kí àwọn àna mi ní Kétu, mo sì ń ṣe ìdárayá mi ní àgbàlá ní kùtùkùtù. Ìyá àgbà kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí títí mo fi parí, ó wá bi mí pé, ‘Ọmọ mi, ṣé oògùn ló wà lọ́wọ́ rẹ tí o fi ń rìn jẹ́jẹ́ báyìí?’ Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, ‘Rárá o, ìyá, kò sí oògùn níbẹ̀, ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni mo ń kọ́.’ Ìbéèrè wọn kò burú. Bí a bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé ẹnì kan ń fi agbára inú jà, àyẹta, ońdè àti ọfọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. ‘Inú’ tí àwọn ará Ṣáínà ń sọ kò bá ìyẹn tan. Ọ̀nà tí ara fi ń pèsè agbára ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: kí iṣan má gan ju bí ó ti yẹ lọ, kí egungun tò lé ara wọn dáadáa, kí èémí balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn, kí ọkàn sì wà níbi tí ọwọ́ wà.

Ọgbọ́n ìjà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kó sí abẹ́ orúkọ yìí, àwọn náà ni taijiquan, xingyiquan àti baguazhang. Orúkọ náà dàgbà ju àkójọ yìí lọ, nítorí ọ̀mọ̀wé Huang Zongxi ti lò ó ní ọdún 1669 nínú ọ̀rọ̀ ìrántí tí ó kọ fún olóògbé kan tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìjà, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìjà tí ó ń fi ìdákẹ́jẹ́ borí ìgbésẹ̀, tí ó sì yàtọ̀ sí ti àwọn ará tẹ́ńpìlì Shaolin. Sun Lutang, tí ó gbé ayé láti 1860 sí 1933, kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì wà lára àwọn tó mú kí ayé gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní ti taijiquan fúnra rẹ̀, abúlé àwọn ìdílé Chen ní ìpínlẹ̀ Henan ni a mọ orísun rẹ̀ dé. Láti ibẹ̀ ni Yang Luchan ti kọ́ ọ, tí ó sì gbé e dé Beijing ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọdún 2020 ni UNESCO fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àjogúnbá aráyé, ìwé kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa ti wà láti ọdún 2008.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí agbára inú kò nílò láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń gún iyán ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè). Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iyán gígún máa ń fi apá nìkan gbé ọmọ odó, yóò di ọrùn, yóò fún eyín pọ̀, kò sì ní pẹ́ tí èjìká yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìyá tó ti gún iyán fún ogún ọdún kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kún ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ rọ̀, ìbàdí ló ń ti ọmọ odó lọ sókè, bí ó bá sì dé òkè, yóò jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀, apá kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Èémí rẹ̀ ń bá odó rìn. Bí a bá gbé ọmọ odó kúrò lọ́wọ́ ìyá yìí, tí a sì ní kí ó ti ẹnì kan pẹ̀lú ètò ara kan náà, ohun tí àwọn olùkọ́ taijiquan ń fi ọdún mẹ́wàá wá ni yóò ti fi hàn wá yẹn. Láti ẹsẹ̀ ni agbára ti ń dìde, ìbàdí ń darí rẹ̀, ìka ọwọ́ ni ó ti ń jáde. Ìyẹn ni ‘inú’.

Ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú ni qi. Ní èdè Ṣáínà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń lò fún afẹ́fẹ́, fún èémí, àti fún agbára tí ó mú ènìyàn wà láàyè. Èdè tiwa kò jìnnà sí i rárá: ẹ wo ‘mí’, ẹ wo ‘èémí’, ẹ wo ‘ẹ̀mí’. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ti ní ìdajì àlàyé náà lọ́wọ́, kò sì yẹ kí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í dẹ́rù ba òun tàbí fi í ta ọjà fún òun. Bí olùkọ́ bá sọ pé kí o jẹ́ kí qi balẹ̀, mí jẹ́jẹ́, tú èjìká sílẹ̀, kí o sì kíyè sí ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nìyẹn, fún ọ̀pọ̀ nínú wa, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ ọdún púpọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀ ìgbà. Ní àríwá Ṣáínà, níbi tí àwọn ọgbọ́n ìjà wọ̀nyí ti dàgbà, ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún: ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Ìyàtọ̀ àárín wọn kì í ṣe kékeré. Ní Henan, ojúmọ́ oṣù kẹfà máa ń gùn tó nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlá ààbọ̀, ti oṣù kejìlá kì í sì í pé wákàtí mẹ́wàá. Omi a máa dì níta, ewé a sì máa tán lórí igi. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn tí ń jẹ́ Huangdi Neijing wo ayé báyìí, ó sì gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ooru, kí wọ́n pẹ́ sùn kí wọ́n sì tètè jí; ní ìgbà ìwọ́wé, kí wọ́n tètè sùn kí wọ́n sì bá àkùkọ jí; ní ìgbà òtútù, kí wọ́n tètè sùn, kí wọ́n sì dúró de ìmọ́lẹ̀ oòrùn kí wọ́n tó dìde. Wọ́n tún so ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan mọ́ ìgbà kọ̀ọ̀kan: ẹ̀dọ̀ mọ́ ìrúwé, ọkàn mọ́ ooru, ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ìwọ́wé, kíndìnrín mọ́ òtútù. Nínú xingyiquan, ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún ìpìlẹ̀ náà wọ inú ètò yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùkọ́ kan fi máa ń sọ pé ẹ̀ṣẹ́ tí a so mọ́ irin (ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí àwọn ará Ṣáínà fi ń pín ayé) àti ẹ̀dọ̀fóró ni kí a ṣe jù ní ìgbà ìwọ́wé. Èmi fúnra mi gba ètò yìí gẹ́gẹ́ bí okùn tí àwọn àgbà fi di ìmọ̀ pọ̀ kí ó má ba à sọnù, n kò sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwé oògùn. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ̀ràn ìwé yìí ni òwe àwọn oníjà wà, tí ó sọ pé ní ìgbà òtútù, kí a ṣe ìdárayá ní ‘ẹ̀sán kẹta’, ní ìgbà ooru, kí a ṣe é ní àwọn ọjọ́ tó gbóná jù lọ. Láti ọjọ́ tí òru gùn jù ní oṣù kejìlá ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ẹ̀sán kẹta máa ń bọ́ sí oṣù kìíní, nígbà tí òtútù wà ní góńgó rẹ̀. Báwo ni ìwé ṣe wá ní kí a sinmi, tí òwe sì ní kí a ṣiṣẹ́? Ẹ wo ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ni ìwé ìṣègùn ń bá wí, àti arúgbó àti aboyún àti ẹni tí àìsàn ń ṣe, nípa bí wọn yóò ṣe máa gbé ayé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí olùkọ́ ń ṣọ́ ni òwe ń bá wí, pé kí ó má fi ojú ọjọ́ ṣe àwáwí. Àgbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará abúlé bẹ́ẹ̀. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ oko máa ń dín kù, tí àyè sì máa ń wà fún nǹkan mìíràn. Bí ènìyàn bá so méjèèjì pọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: a kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ojú ọjọ́ ń gbà lára wa kí a tó fi ìdárayá gba òmíràn.

Ní Àjàṣẹ́ ńkọ́? Ìyàtọ̀ láàrin ojúmọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù níbí kò tó wákàtí kan ní gbogbo ọdún. Láàrin aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀ ni oòrùn máa ń yọ, ì báà jẹ́ oṣù kẹfà tàbí oṣù kìíní. Nítorí náà ìmọ̀ràn pé kí a pẹ́ jí ní ìgbà kan kí a sì tètè jí ní òmíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìtumọ̀ fún wa. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó ń yí padà fún wa. Níbi tí ará Henan ti ń ka òtútù àti ooru, ọ̀rinrin àti gbígbẹ ni kí àwa máa kà. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nípa ọ̀ràn yìí láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ṣe é kò ju gbólóhùn yẹn lọ, ìyókù kàn ń jáde láti inú rẹ̀ ni.

Kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọyẹ́, torí pé òun ló kọ́ mi. Ní ọdún kẹta mi, mo tẹ̀lé ètò ‘ìgbà òtútù’ tí mo rí gbà, èyí tó ní kí a máa dúró bí òpó ní òwúrọ̀ kí a sì máa mí kanlẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Mo ṣe é lórí fàráńdà, nínú eruku, ní oṣù kìíní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wúkọ́. Ètò náà dára ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, nítorí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù tiwa. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku ló sì ń rù bọ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn fi ń gbẹ lára kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Ètè á là, ọ̀fun á gbẹ, ara á sì ti pàdánù omi púpọ̀ láìjẹ́ pé òùngbẹ pa ènìyàn. Ní àsìkò yìí, imú ni kí a máa fi mí, ẹnu kò dára, nítorí imú ló ń sẹ́ eruku, tí ó sì ń fi omi sí afẹ́fẹ́ kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí eruku bá ṣú bo òpópónà débi pé a kò rí ìparí rẹ̀ mọ́, inú ilé ni kí a ti ṣe é, kí èémí má sì jù bí ó ṣe ń lọ fúnra rẹ̀ lọ. Kí a mu omi kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí a fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yí oríkèé ara ká kí ara ó gbóná, pàápàá ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí òwúrọ̀ ọyẹ́ ti ń tutù ju ti etí òkun lọ, tí èéfín igbó tí a ń sun sì lè pọ̀ nílẹ̀ ní kùtùkùtù; níbẹ̀, ó sàn kí a dúró títí oòrùn yóò fi gbé èéfín náà kúrò. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ dá èyí ṣe láìgbọ́ ti dókítà.

Lẹ́yìn ọyẹ́ ni ooru gidi, ní oṣù kejì àti ìkẹta, tí ọ̀sán Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń kọjá ìwọ̀n 35 ti Celsius. Ooru Àjàṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn lára jù ú lọ, nítorí ọ̀sà àti òkun ti fi omi kún afẹ́fẹ́. Òógùn kì í tu ara nígbà tó bá ń kán sílẹ̀. Ìgbà tó bá ń gbẹ ni ó ń tù ú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, òógùn kò ríbi lọ, ooru á sì há sínú ara. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti ìlú olótùútù dé fi máa ń nílò ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara rẹ̀ tó mọ ooru yìí lára. Èrò pé taijiquan kò lè pa ènìyàn lára torí pé ó ń lọ jẹ́jẹ́ kò tọ̀nà: ẹsẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ètò ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógún tí ìjọba Ṣáínà gbé jáde ní 1956, tí kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, dára fún àsìkò yìí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ sinmi lábẹ́ igi, ẹ tún un ṣe. Bí orí bá ń yí ènìyàn, tàbí tí èébì ń gbé e, kí ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó wá ibòòji, kí a sì da omi sí i lára.

Ìgbà òjò ní tirẹ̀ gùn, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn kékeré oṣù kẹjọ, kí òjò tó padà wá ní oṣù kẹsàn-án títí di ìparí oṣù kẹwàá tàbí kí ó kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Bí a ṣe ń lọ sí òkè, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn òjò méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ yíyọ̀: kí ìdúró gòkè díẹ̀, kí ìgbésẹ̀ kúrú, kí orúnkún má ré kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí a sì ṣọ́ra fún ṣìmẹ́ǹtì tó ti hu èéhù. Ọ̀tá kejì ni ẹ̀fọn, tí kò sí ìwé Henan kankan tí yóò rántí rẹ̀ fún wa. Wang Xiangzhai, ọ̀gá ìjà ará Ṣáínà tí ó fi ìdúró bí òpó ṣe ọkàn ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò dúró ní àgbàlá Àjàṣẹ́ ní òwúrọ̀ oṣù kẹfà. Ẹ̀fọn ibà máa ń jẹ ènìyàn láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú, ẹni tí kò sì mira ni oúnjẹ rẹ̀ tó rọrùn jù. Ìdúró ní ìgbà òjò, ojú ọ̀sán ni àyè rẹ̀, tàbí inú yàrá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yanjú èyí, mo fẹ́ràn ìgbà òjò ju gbogbo ìgbà lọ fún ìdárayá èémí: afẹ́fẹ́ mọ́, ọ̀fun rọ̀, ara kì í gan, èémí a sì máa balẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a lé e. Ohun tí ìwé àtijọ́ wí nípa ìrúwé, pé kí a jẹ́ kí ara ó ṣí, àkọ́rọ̀ òjò ni mo ti máa ń rí i.

Ní Kétu, ọ̀rọ̀ oko tún wà níbẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ọkọ́ á jáde, ebè á bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè láti àárọ̀ ti lo ẹ̀yìn àti ìtàn rẹ̀ tán, bí ó bá sì tún fẹ́ wá fi wákàtí kan tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ní alẹ́, yóò ba orúnkún jẹ́ ni. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ará ilé mi níbẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé ìkọ́ni náà lọ sí oko: kí ẹ̀yìn gùn, kí ìbàdí ju ọkọ́, kí èémí bá a rìn, kí alẹ́ sì jẹ́ ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láti tú ara sílẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ni kí wọ́n wá fi ọ̀pọ̀ wákàtí kọ́ ìgbésẹ̀ tuntun. Bí ará abúlé Chen ṣe lo ìgbà òtútù rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn, àní ní oṣù kan náà pàápàá, láìka pé ìdí ibẹ̀ jẹ́ yìnyín, tí tiwa sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó ku ààwẹ̀ Ramadan, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Àjàṣẹ́ ń gbà, tí kò sì bá ìgbà ọdún dúró lójú kan: ọdọọdún ni ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú. Bí ó bá bọ́ sínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta, omi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣe ìdárayá tó ń mú òógùn wá ní ọ̀sán. Wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn ìṣínu, nígbà tí omi ti padà sí ara, ni kí a ṣe ètò ìgbésẹ̀, kí ó mọ níwọ̀n. Ṣáájú sààrì, ìdúró ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, nínú yàrá, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé.